Apá Tí Òwú Tẹ̀ Sí

Màmá tó kọ́ wa ní iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì alábẹ́rẹ́ máa ń sọ pé ìyàwó ọba Faransé kan ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ ọ́, èèyàn á rò pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo gbé fóònù mi, mo wá a wò. Ohun tí mo rí kò tó ohun tó sọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Mo kà á pé obìnrin kan tó sún mọ́ ọba wọn gan-an dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ilé ọlọ́lá tí nǹkan ti bàjẹ́ fún, àti pé wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ láti máa fi abẹ́rẹ́ àti òwú wúùlù ṣe òdòdó sára aṣọ àga. Pé òun ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, mi ò rí ẹ̀rí kankan fún ìyẹn. Àwọn èèyàn ti ń fi òwú bo kánfáàsì kí wọ́n tó bí i. Mi ò sọ èyí fún Màmá. Ọmọbìnrin kejì tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ kò wá nǹkan kan wò ní tirẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó ọba, ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, Màmá sì wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tirẹ̀. Bóyá ọjọ́ yẹn ni ìlara mi bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè búra sí i.

Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Èkìtì ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ wà ní Ìgàndó nílùú Èkó, ní òpópónà kan tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí. Àwọn sísítà òyìnbó ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra fìrísà láti máa ta omi tútù, òun gbé férémù onígi sí pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ran tìmùtìmù tí wọ́n ń kúnlẹ̀ lé ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó lówó.

Èmi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nítorí pé n kò níbi tí mò ń lọ. Mo ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ parí, mo wà nílé àwọn òbí mi ní Ẹgbẹ́dá, mò ń kọ lẹ́tà wíwá iṣẹ́. Ìyá mi àti Màmá jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ìyá mi ló sì ní kí n lọ máa jókòó tì í dípò kí n máa jókòó ti fóònù. Nígbà tó wá rí i pé mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe rò lọ, ó bi mí bóyá torí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe rán mi lọ sí yunifásítì. Ìbéèrè tó dáa ni, mi ò tíì ní èsì rẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin kejì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ìjẹ̀gùn ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kápẹ́ńtà ni, òun ló ń bá Màmá ṣe férémù, ibẹ̀ ni ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ó tó ọmọ ogún ọdún, ìwé mẹ́wàá ló kà mọ, ó máa ń fi píìnì ká etí híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà kan òwú. Kí Màmá má baà máa pe "ọmọ yìí" kí àwa méjèèjì máa dáhùn, ó ń pè é ní Ará Ìjẹ̀gùn, ó ń pe èmi ní Ará Ẹgbẹ́dá. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ń pè mí ní Àǹtí, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, bí ilẹ̀ pálọ̀ tilẹ̀ kún fún ègé òwú. Èyí náà máa ń bí mi nínú díẹ̀. Kò fún mi ní ohun kankan tí mo lè dì mú pé ohun tó ṣe sí mi rèé.

Ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì Faransé, bí mo ṣe lóye rẹ̀, oríṣi kan wà tí àwọn ahunṣọ ń hun lórí òfì ńlá fún ààfin. Oríṣi kejì ni èyí tí àwọn obìnrin ń fi abẹ́rẹ́ ṣe láti fara wé ti ààfin. Wọ́n á ya òdòdó rósì, ewé, àti rìbọ́ọ̀nù sórí kánfáàsì, wọ́n á wá fi òwú bò ó títí kánfáàsì ò fi ní hàn mọ́. Lónìí, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní orúkọ Faransé, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí bóyá èyí tí wọ́n rán ní Ìgàndó lè jẹ́ ti Faransé, mo máa ń sọ pé mi ò rí ìdí tí kò fi lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kánfáàsì náà le, ó ní ihò kéékèèké bíi nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé. Gbogbo ibi tí fọ́nrán méjì bá ti gba orí ara wọn kọjá, sítíìṣì kan ni yóò bò ó. Abẹ́rẹ́ á jáde ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, á wọlé ní òkè lápá ọ̀tún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè kọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tó le ni pé kí èèyàn ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ kí gbogbo wọn tẹ̀ sí apá kan náà, bí irun tí wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì yà. Bí ọwọ́ bá le jù, kánfáàsì á wọ́. Bó bá dẹ̀ jù, kápẹ́ẹ̀tì á máa gbọn irun bí ológbò.

Mo mọ iṣẹ́ náà ṣe. Mi ò sọ èyí láti yin ara mi, Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í yin èèyàn lásán. Ó ní mi ò ṣi kíkà rí. Ìwé gíráàfù tó ya àwòrán sí ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń ka ihò, mo máa ń fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí mo dé, òdòdó mi sì máa ń bọ́ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n òdòdó tó kàn bọ́ síbi tó yẹ ni. Ti Ará Ìjẹ̀gùn ń tanná. Àwọ̀ píńkì mẹ́ta ni ìwé ní ká lò, èyí tó pọ́n, èyí tó wà láàárín, èyí tó fẹ́ẹ̀ funfun, ìwé sì fi hàn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Kì í wò ó. Á mú fọ́nrán kan nínú èyí tó pọ́n, á fi ti àárín kan kún un lójú abẹ́rẹ́ kan náà, á máa bá Màmá sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó jà ní ibùdókọ̀ Ìkòtún, ewé rósì á sì ká bí ewé rósì gidi. Mo gbìyànjú rẹ̀ nílé lẹ́ẹ̀mejì. Ó dà bí ojú ọgbẹ́.

Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é. Èyí ṣe pàtàkì nínú ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, bó ṣe sọ fún mi, Màmá kò ní kó pààrọ̀ ọwọ́. Ó ní kó dorí kánfáàsì kodò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó wá ṣiṣẹ́ láti òdìkejì. Nítorí náà, gbogbo òdòdó rẹ̀ máa ń dorí kodò lórí férémù títí yóò fi parí. Mo máa ń wò wọ́n, mo máa ń ronú pé bí èmi bá dorí nǹkan kodò báyẹn, wọ́n á ní kí n tún un ṣe.

Lẹ́yìn tí òjò ọdún tó kọjá dáwọ́ dúró, agbẹjọ́rò kan tó ń kọ́ ilé wá sọ́dọ̀ Màmá. Obìnrin ni, ó fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ńlá kan fún pálọ̀: ilẹ̀ rẹ̀ kíríìmù, òdòdó rósì yí etí rẹ̀ ká, ìdì òdòdó ńlá kan láàárín pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ aró. Màmá pín in sí abala márùn-ún tí a ó rán pọ̀ níkẹyìn: orí, ìdí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti àárín. Ó ṣe orí àti ìdí fúnra rẹ̀. Kó tó bọ́ sórí ìyókù, ojú rẹ̀ tó ti ń dun ún tipẹ́ le sí i, dókítà ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó wá ṣe é ní Adó-Èkìtì, kó lè tọ́jú rẹ̀ títí ojú náà á fi jinná. Oṣù méjì, ó kéré tán.

Kó tó lọ, ó pè wá jókòó. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní abala ẹ̀gbẹ́ kan, pẹ̀lú òwú tirẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó rán òwú pupa kan mọ́ etí òkè kánfáàsì kọ̀ọ̀kan. Ó ní dókítà ti sọ fún òun pé bí ojú náà bá tilẹ̀ jinná, òun ò gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́ ihò kéékèèké mọ́, nítorí náà ẹnì kan nínú wa ló máa ṣe àárín.

"Ẹni tí tirẹ̀ bá mọ́ jù nínú ẹ̀yin méjèèjì," ó ní, "òun ni màá fún. Ẹni yẹn náà ni màá sì máa fi oníbàárà hàn láti ìsinsìnyí lọ. Mo ti dàgbà."

Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa nígbà tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ti ń ka àwọn àmì láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Mo mọ ẹni tó máa ń bu ẹran ńlá fún. Mo mọ ẹni tó máa ń pè láti wá bá a fa òwú sójú abẹ́rẹ́. Mo gbà pé ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀rí tó lágbára.

A fẹnu kò pé ká máa ṣiṣẹ́ nílé, ká máa pàdé nílé Màmá ní ọjọọjọ́ Sátidé láti fi abala méjèèjì wé ara wọn, nítorí kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ wà lọ́wọ́ ayálégbé tó wà nísàlẹ̀. Yàrá mi ní Ẹgbẹ́dá kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì, tábìlì kan, ògiri. Abala náà gùn, mo sì nílò kí ó dúró lóòró gẹ́gẹ́ bí òwú pupa ṣe fi hàn. Kò gba ibẹ̀. Mo dá a dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, apá tó gùn níwájú mi, òwú pupa lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ronú lórí rẹ̀ kí n tó ṣe é. Mo ní ihò mẹ́wàá ni ihò mẹ́wàá, ìbáà ṣe láti òkè ni mo ti kà á tàbí láti ẹ̀gbẹ́. Mo yí ìwé gíráàfù náà dùbúlẹ̀, mo ka ìlà mẹ́ta láti fi dán an wò, gbogbo rẹ̀ bára mu. Mo bẹ̀rẹ̀.

Sátidé kẹta ni mo rí i. A tẹ́ abala méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òwú pupa lókè, oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo rósì rẹ̀, nítorí mi ò lè ṣe kí n má wò ó, mo sì rí i pé sítíìṣì rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan, tèmi tẹ̀ sí èkejì. Ó ṣe kedere bí ọ̀sán gangan. Ọkàn mi fò. Bí mo bá ní ìbẹ̀rù ló mú un fò, irọ́ ni. Ayọ̀ ni.

Mo to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà sílé. Abala méjì yàtọ̀ síra, ọ̀kan ni kò tọ̀nà. Ọ̀kan nínú wa ń lo ọwọ́ òsì. Ọ̀kan nínú wa ń dorí kánfáàsì kodò. Ohun tó dorí kodò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó dúró. Màmá kò sí níbẹ̀ láti máa tọ́ ọ sọ́nà, nítorí náà ó ti ṣàṣìṣe. Ó dà bí ìṣirò tó parí. Abala tí Màmá ṣe fúnra rẹ̀, orí àti ìdí, wà nínú àpótí pákó ní pálọ̀ yẹn, pẹ̀lú káńfọ̀ tó ń lé kòkòrò. Àpótí náà kò ní àgádágodo. Gbogbo ohun tó kù ni kí n ṣí i, kí n wo ibi tí sítíìṣì Màmá tẹ̀ sí. Mi ò ṣí i ní Sátidé yẹn, mi ò ṣí i ní èyí tó tẹ̀ lé e. Èmi tí mo wá ìyàwó ọba Faransé wò lórí fóònù.

Mi ò sọ fún un. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe ojúṣe mi, pé Màmá ló ń kọ́ ọ, pé ó lè rò pé mo fẹ́ da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Mo lè to irú àwáwí bẹ́ẹ̀ dé márùn-ún. Ìdí gidi ni pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, rósì rẹ̀ ń dára sí i, mo sì fẹ́ kó máa dára lọ bẹ́ẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ tí kò tọ́, títí yóò fi kún. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tó gún régé bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń sùn dáadáa lásìkò yẹn.

Ní Sátidé karùn-ún tàbí ìkẹfà, agbẹjọ́rò náà yà wá wò. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì lọ tààrà síbi abala Ará Ìjẹ̀gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan kan rósì náà bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló. Ó béèrè ta ló ṣe é. Ará Ìjẹ̀gùn ní òun ni, ó wolẹ̀. Obìnrin náà bi í nípa bàbá rẹ̀, nípa Ìjẹ̀gùn, bóyá ọ̀nà ibẹ̀ ṣì burú, ó sì ya fọ́tò rósì mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí tèmi.

"Èyí náà mọ́," ó ní.

Mo gbé gbólóhùn yẹn délé. Mo gbé e dé ibi oúnjẹ. Mi ò rò pé obìnrin náà ní ohun búburú lọ́kàn, ẹni tó bá wo abala mi kò rí ohun mìíràn sọ ju pé ó mọ́, òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan fọwọ́ kan tèmi bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ yẹn náà, lẹ́yìn tí agbẹjọ́rò ti lọ, Ará Ìjẹ̀gùn dúró sídìí abala mi fún ìgbà díẹ̀. Ó wò ó, ó wo tirẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fẹ́ ẹ?"

Mo bi í pé kí ló rí tó fi ń béèrè. Ohùn mi kò dára, mo mọ̀.

"Rárá o, Àǹtí. Mo kàn béèrè ni." Ó ká abala tirẹ̀, ó lọ wá ọ̀kadà.

Màmá dé nígbà tí oṣù méjì ti lé díẹ̀. Ó wọ dígí dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ohùn rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ó ní òun ń rí ilẹ̀kùn, òun ń rí èèyàn, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti kéré, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan mí èémí sórí rẹ̀. Ó ní ká kó gbogbo abala jáde. Ará Ìjẹ̀gùn lọ síbi àpótí. Kó tó ṣí i, mo sọ̀rọ̀. Mo ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo sì fẹ́ kó jáde kí ẹ̀rí tó dé, kó lè hàn pé mo ti mọ̀.

"Màmá, ó yẹ kí ẹ mọ̀," mo ní, "pé sítíìṣì rẹ̀ tẹ̀ sí òdì. Gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn ni."

Ará Ìjẹ̀gùn dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdérí àpótí. Màmá nawọ́ sí i kó wá ran òun lọ́wọ́ láti jókòó sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ orí àti ìdí, èyí tí Màmá ṣe. Wọ́n tẹ́ ti Ará Ìjẹ̀gùn sápá òsì. Mo tẹ́ tèmi sápá ọ̀tún. Mo fa kọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́.

Kò pọn dandan kéèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti rí i. Òwú kan náà ni gbogbo wa lò, láti inú ìdì kan náà, ṣùgbọ́n kíríìmù abala mẹ́ta ń tàn, kíríìmù abala kan ṣókùnkùn, bíi pé wọ́n fi omi eléèérí fọ̀ ọ́. Èyí tó ṣókùnkùn wà lápá ọ̀tún. Màmá kò rí ìyẹn, mo rò pé kò rí i. Ọwọ́ ló fi ń wò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí, ó nu ìdí, ó nu ti Ará Ìjẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́. Nígbà tó dé orí tèmi, ọwọ́ náà dúró. Ó tún un nù láti òdìkejì.

"Ará Ẹgbẹ́dá," ó ní, "báwo lo ṣe jókòó tì í?"

Mo sọ fún un. Tábìlì, ògiri, ihò mẹ́wàá ni ihò mẹ́wàá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo wá délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fa ìlà kan tó tẹ̀ sórí ìwé. Mo dorí ìwé kodò: ìlà náà ṣì tẹ̀ síbi tó tẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Mo dá ìwé dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: ó yí. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ pálọ̀ yẹn, mi ò tíì fa ìlà kankan, ara mi kàn ń gbóná láti ọrùn lọ sókè.

Màmá bi Ará Ìjẹ̀gùn bóyá kò rí i ni, ní gbogbo Sátidé yẹn.

"Mo rí i, Màmá." Ó ń wo ilẹ̀. "Mo rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Wọ́n kàwé. Mo tiẹ̀ rò pé ó lè jẹ́ tèmi ni kò dáa, mo ṣí àpótí, mo wo tiyín. Mo tún fẹ́ sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ kan, ẹnu mi ò gbé e."

"Ìwọ ńkọ́?" Èmi ni Màmá bi. "O rí i pé ẹ yàtọ̀ síra?"

Mo ní mo rí i.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá."

Màmá yọ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní ojú," ó ní, "èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú fún ni mo wá rí i." Ará Ìjẹ̀gùn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Màmá wá bá a wí, ó ní àǹtí rẹ̀ kì í ṣe Ọlọ́run, pé bó bá tún rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ṣàṣìṣe, kó lanu. Ó bá a wí gan-an. Kò bá èmi wí. Mo dúró dè é, kò wá. Mo rò pé ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni dídákẹ́ Ará Ìjẹ̀gùn, ọ̀tọ̀ ni tèmi, ó sì wò ó pé kò sí ohun tí òun lè fi ìbáwí ṣe sí tèmi. Ó lè jẹ́ pé kò rò bẹ́ẹ̀ rárá, pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé níbi tí mo jókòó sí, mò ń jowú ìbáwí tí wọ́n fún un.

Wọ́n fún un ní àárín. Mi ò retí ohun mìíràn. Tèmi kò ṣeé tú, nítorí bí a bá fi sísọ́ọ̀sì gé òwú tó fún báyẹn, fọ́nrán kánfáàsì á gé mọ́ ọn. Màmá fún mi ní kánfáàsì tuntun, ó ní kí n máa wá ṣe é níbí, lóòró, níwájú òun. Ó pe agbẹjọ́rò, ó sọ fún un pé iṣẹ́ máa pẹ́ sí i. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní ojú òun ló fà á.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Ará Ìjẹ̀gùn gbé kánfáàsì àárín sórí férémù. Ìdì òdòdó yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn. Bó bá fi ihò méjì péré yà sí ẹ̀gbẹ́, òdòdó tó bá ti ibẹ̀ jáde kò ní pàdé ti etí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ṣì í, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Màmá ń sùn nínú yàrá. Ará Ìjẹ̀gùn wá yíjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka àárín. Tí mo bá ti kọjá ọgọ́rùn-ún, orí mi máa ń yí."

Mo dìde. Mo kà á níbùú, mo kà á lóòró, mo pín in sí méjì, mo rí ihò náà. Mo fi orí abẹ́rẹ́ dì í mú. Nígbà tí mo dì í mú, mo rò ó pé bí mo bá sún un sí ọ̀tún ní ihò méjì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí oṣù méjì, nígbà náà gbogbo èèyàn á sì sọ pé kì í kà, wọ́n á ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé kì í kà. Mi ò rò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó dé ìparí rẹ̀, mo sì rí ojú Màmá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo so òwú pupa sí ihò tí mo dì mú, mo sọ fún un pé ibẹ̀ ni.

Ó kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ ṣé, Àǹtí," ó gba abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ òsì, ó sì kì í bọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"O ò ní tún un kà?" mo bi í.

"Ẹ̀yin lẹ kà á," ó ní. Ó ti ń fi òwú kejì kún ti àkọ́kọ́.

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn bí wákàtí kan, nígbà tó lọ pọn omi, mo dìde, mo tún àárín náà kà, níbùú àti lóòró, ètè mi ń mì. Ibi tó yẹ ló wà. Ewé rósì mẹ́ta ti wà níbẹ̀, wọ́n dára ju gbogbo èyí tí mo ti ṣe rí lọ. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo lọ jókòó, mo ń bá kíríìmù mi lọ.